Ìdá Àmú àti Ìdá Àyọ: Èrò Kan Lórí Ìṣirò Àpòpọ̀ Tí A Fẹ́ Ṣe Ní Kékeré

1. Ìfáárà

Kò sí àní-àní mọ́ pé èdè Yorùbá lè gbé ìmọ̀ ìṣirò. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kìíní tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ (1984) àti apá kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ (1990), fi ọ̀nà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ han àwa tí a wá lẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò tako iṣẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí. Ohun kékeré kan ni ó kù. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ohun kékeré náà nìyí. A ti ní orúkọ fún ìdá, a sì ti ní orúkọ fún àpòpọ̀. Ohun tí a kò ì tíì fẹnu kò lé lórí ni gbólóhùn tí a ó fi sọ fún ènìyàn pé kí ó ṣe àpòpọ̀ kan ní kékeré, kí adùn, agbára tàbí ìwọ̀n rẹ̀ má sì yí padà. Àwa onímọ̀ èdè-ìperí máa ń kó ọ̀rọ̀-orúkọ jọ bí ẹni ń kó ọkà, a sì máa ń gbàgbé pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń gbé iṣẹ́ ṣe. Èrò mi ni pé nínú ìṣirò ìdá, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò ni kò yẹ, àti pé àìyẹ rẹ̀ lè ṣe ènìyàn léṣe.

2. Ìwé pélébé kan àti ìbéèrè nọ́ọ̀sì kan

N kò sọ èyí láti fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé èmi gan-an ni mo ṣe àṣìṣe náà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé ìwé pélébé kan wá fún mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Omi iyọ̀ òun ṣúgà ni ìwé náà dá lé lórí, èyí tí a ń fún ọmọ tí ó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ tán. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn elétò ìlera: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Kí a rẹ́ orí ṣíbí náà kí ó tẹ́jú. Kò gbọdọ̀ ga gègèrè.

Ẹni tí ó kọ ìwé náà wá fi kún un pé ẹni tí kò bá ní ohun èlò tí ó gba lítà kan lè pò ó sínú ife tí ó gba ìdá kan nínú mẹ́rin lítà. Báyìí ni mo ṣe túmọ̀ rẹ̀:

(1) Bí ó bá jẹ́ ife kan ni ẹ fẹ́ pò, ẹ dín ṣúgà àti iyọ̀ náà kù ní ìdá mẹ́rin.

Mo kà á, ó dùn létí mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì kà á, wọn kò rí àléébù kankan. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, màmá náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Dókítà, ṣé kí a yọ ìdá mẹ́rin kúrò níbẹ̀ ni ẹ wí, tàbí kí ó ku ìdá mẹ́rin?” N kò lè dá màmá lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìbéèrè rẹ̀ gbé dání:

(2) Odidi àpòpọ̀: omi lítà 1, ṣúgà ṣíbí 6, iyọ̀ ½ ṣíbí.
(3) Ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn: omi ¼ lítà, ṣúgà ṣíbí 1½, iyọ̀ ⅛ ṣíbí.
(4) Ohun tí gbólóhùn mi lè bí: omi ¼ lítà, ṣúgà ṣíbí 4½, iyọ̀ ⅜ ṣíbí.

Ẹni tí ó bá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú ṣúgà mẹ́fà yóò ku ṣíbí mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí iyọ̀ yóò ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ṣíbí. Ife ni ó sì ti pinnu iye omi. Bí a bá fi (4) wé (3), a ó rí i pé ìlọ́po mẹ́ta ni iyọ̀ inú rẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta sì ni ṣúgà. Ọmọ tí omi ara rẹ̀ ti ń gbẹ ni a ó sì fi fún. Iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ a máa fa omi jáde láti inú àwọn ẹ̀yà ara, títí kan ọpọlọ, ó sì lè fa gìrì. Ṣúgà tí ó bá pọ̀ jù a máa mú kí ìgbẹ́ náà le sí i. Ọpẹ́ ni pé a kò ì tíì tẹ ìwé náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti fojú kékeré wo gbólóhùn ìṣirò mọ́.

3. Ibi tí ìkọ̀sẹ̀ wà

Bí a bá tú gbólóhùn (1) palẹ̀, a ó rí ibi mẹ́ta tí ẹsẹ̀ ti lè yẹ̀.

Èkíní ni ìdá mẹ́rin fúnra rẹ̀. Nígbà tí a bá ní ẹnì kan san ìdámẹ́wàá, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹyọ kan nínú mẹ́wàá ni ó san. Ìlò tí Bíbélì Yorùbá tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884 ti sọ di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ní ó pín oko rẹ̀ sí ìdá mẹ́rin, iye ìpín ni mẹ́rin ń kà. Ẹ tún wo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Níhìn-ín, iye tí ó tẹ̀lé ìdá ni iye òkè, ìyẹn ni iye ìpín tí a mú. Bí a bá sì yọ nínú mẹ́rin kúrò, tí a fi ìdá mẹ́ta nìkan sílẹ̀, mẹ́ta kan náà ni yóò di iye ìsàlẹ̀, tí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́ta. Iṣẹ́ méjì tí ó tako ara wọn ni a gbé lé iye kan lọ́wọ́. Àgbàlagbà tí ó ti ń náwó láti ìgbà èwe rẹ̀ lè mọ èyí tí a ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdá kò lè mọ̀ ọ́n.

Èkejì ni ní àti sí. Ẹ fi àwọn wọ̀nyí wé ara wọn:

(5) Ó dín in kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin.
(6) Ó dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ní (5), ìdá ń sọ bí ohun tí a yọ ti pọ̀ tó. Ní (6), ìdá ń sọ ibi tí ohun tí ó kù dé dúró. Ìyàtọ̀ yìí yé onígírámà, ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni ó dì í mú. Ẹni tí ń gbọ́ ọ lórí rédíò nínú ariwo ọjà kò lè búra pé sí ni òun gbọ́, kì í ṣe ní. Èdè tí a fi ń pàṣẹ nípa oògùn kò gbọdọ̀ so ẹ̀mí ènìyàn mọ́ fọ́nrán òwú bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tí ó jinlẹ̀ jù lójú tèmi, ni dín. Dín kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán nínú ìṣirò Yorùbá; òun ni òpó ètò òǹkà wa. Èjì dín lógún ni èjìdínlógún, ìyẹn 18. Márùn-ún dín láàádọ́ta ni 45. Márùn-ún dín lọ́gọ́sàn-án ni 175. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ohun kan náà ni dín ń sọ: mú iye kan, yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ó jù ú lọ. Ọmọ Yorùbá ti gba dín gẹ́gẹ́ bí ìyọkúrò kí ó tó mọ̀wé kà. Nígbà tí olùkọ́ bá wá ní kí ó dín àpòpọ̀ kù, ohun tí etí rẹ̀ ti mọ̀ ni yóò ṣe: yóò wá iye tí yóò yọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ṣíṣe àpòpọ̀ ní kékeré kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyọkúrò rárá. Ọ̀rọ̀ ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú ìdá ni.

4. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń di gbogbo ẹ̀bi ru èdè wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kathleen Hart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí òye ìṣirò àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1981. Ọ̀kan nínú ìbéèrè tí wọ́n lò ni ti ọbẹ̀ àlùbọ́sà. Ìwọ̀n tí a fún àwọn ọmọ jẹ́ ti ènìyàn 8: lára rẹ̀ ni omi páìǹtì 2 àti ọ̀rá wàrà ìdajì páìǹtì. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ sọ ohun tí ènìyàn 4 yóò lò, lẹ́yìn náà ohun tí ènìyàn 6 yóò lò.

Ti ènìyàn 4 rọrùn, ìdajì ni. Ti ènìyàn 6 ni ó le. Bí ọmọ kan bá rò pé “ènìyàn méjì ni ó dín, nítorí náà n ó dín méjì kúrò nínú ohun gbogbo”, omi páìǹtì 2 yóò di òfo, ọbẹ̀ náà yóò sì di ọbẹ̀ tí kò ní omi. Irú ìrònú yìí, tí ó ń fi ìyọkúrò ṣe iṣẹ́ ìdá, ni ìwádìí náà rí lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìṣirò ìbáramu. Àwọn tí ó ń rí ìdáhùn máa ń gba ọ̀nà mìíràn: wọn a là á sí méjì fún ènìyàn 4, wọn a tún la ìdajì náà sí méjì fún ènìyàn 2, wọn a sì pa méjèèjì pọ̀. Báyìí ni omi yóò fi jẹ́ 1 pẹ̀lú ½, tí ó jẹ́ páìǹtì 1½. Ọ̀rá wàrà yóò sì jẹ́ ¼ pẹ̀lú ⅛, tí ó jẹ́ ⅜ páìǹtì.

Kí ni èyí kọ́ wa? Pé àṣìṣe ìyọkúrò kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ti ọmọ ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọmọ bá ti ní àìlera yìí tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí atúmọ̀ èdè tún bá a fi òkúta sí ọ̀nà. Ẹni tí ó fi dín kọ ìbéèrè àpòpọ̀ fún ọmọ Yorùbá ti sọ ìdáhùn tí kò tọ́ sí i létí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

5. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu bíríkìlà

Wọ́n ń kọ́ ilé kan nítòsí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo dúró wò wọ́n bí wọ́n ti ń po kọnkéré. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni páànù sìmẹ́ńtì kan, páànù yanrìn méjì, páànù òkúta mẹ́rin. Nígbà tí ó ku ibi kékeré kan tí wọn kò ì tíì dà, ọmọ iṣẹ́ kan bèèrè pé, “Ọ̀gá, mélòó ni kí n dín?” Ọ̀gá rẹ̀ dá a lóhùn pé, “Má dín nǹkan kan. Ìdajì ni kí o bù: ìdajì sìmẹ́ńtì, ìdajì yanrìn, ìdajì òkúta.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Bí ọmọ náà bá ti dín ìdajì páànù kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdajì páànù sìmẹ́ńtì ni yóò bá páànù yanrìn kan ààbọ̀ àti páànù òkúta mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé sìmẹ́ńtì kan yóò máa gbé yanrìn mẹ́ta àti òkúta méje dípò yanrìn méjì àti òkúta mẹ́rin. Òpó tí a bá fi irú rẹ̀ dà kì í ṣe òpó tí ènìyàn ń sùn sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá bíríkìlà yìí ti yanjú ohun tí ó dà mí láàmú: kò sọ ohun tí a ó yọ, ohun tí a ó mú ni ó sọ, ó sì dárúkọ ohun kọ̀ọ̀kan tí ìdá náà bá wí.

6. Àbá mi

Láti inú èyí ni mo ti fa àbá mẹ́rin yọ fún àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀ èdè.

(i) Nínú ìwé ìṣirò, ìwé oògùn àti ìwé ìlànà iṣẹ́, kí a máa kọ ìdá ní kíkún: ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Ìdá mẹ́rin lásán dára fún ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìtàn. Kí ó má wọ inú àṣẹ.

(ii) Kí a fi dín sílẹ̀ fún ìyọkúrò, níbi tí àwọn baba wa fi í sí. Nínú ọ̀rọ̀ àpòpọ̀, kí a lo mú, bù tàbí wọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń sọ bá ti jẹ́: a máa ń bu iyọ̀, a máa ń wọn omi, a máa ń mú àlùbọ́sà.

(iii) Kí a gba orúkọ méjì wọlé: ìdá àmú, ìyẹn ìdá tí a mú nínú odidi, àti ìdá àyọ, ìyẹn ìdá tí a yọ kúrò. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, odidi ni. Bí ìdá àmú bá jẹ́ ¼, ìdá àyọ jẹ́ ¾. Ìbéèrè màmá nọ́ọ̀sì yóò wá di ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn: “Ṣé ìdá àmú ni mẹ́rin yìí, tàbí ìdá àyọ?” Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àjèjì, bí àyọlò ti jẹ́ ohun tí a yọ lò, tí àmúlò sì jẹ́ ohun tí a mú lò, bẹ́ẹ̀ ni àmú àti àyọ níhìn-ín. N kò yan àṣẹ́kù nítorí pé ó ti níṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ìṣirò pínpín. N kò sì yan ìlọ́po, bí àwọn kan ti dá a lábàá, nítorí pé etí Yorùbá kò gbà pé ohun tí ó kéré sí i lọ́po.

(iv) Kí olùkọ́ sọ ọ́ di àṣà pé ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú irú ìṣirò yìí ni: “Kí ni ìdá àmú?” Ọmọ yóò fi iye tuntun lé orí iye ti tẹ́lẹ̀. Ife mìlílítà 250 lórí mìlílítà 1000 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ènìyàn 6 lórí ènìyàn 8 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá fi ìdá kan ṣoṣo yìí sọ ohun gbogbo tí ó wà nínú àpòpọ̀ náà di púpọ̀, láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Bí ó bá le fún un, kí ó máa là á sí méjì, kí ó tún la ìdajì sí méjì, bí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a sọ̀rọ̀ wọn ti ṣe.

7. Ìdáhùn sí àwọn àtakò

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ tuntun ti pọ̀ jù. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a dá sílẹ̀ ni kò tí ì jáde kúrò nínú ìwé tí a kọ wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó bá ń dáhùn ìbéèrè tí ènìyàn ń bèèrè lójoojúmọ́ kì í kú. Màmá nọ́ọ̀sì ti ní èrò méjèèjì lọ́kàn. Orúkọ ni kò ní.

Àwọn mìíràn yóò ní, ta ni yóò tún fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, nígbà tí ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ní 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti di ohun tí a wọ́gi lé ní 2025? Ìdáhùn mi ni pé ìgbẹ́ gbuuru kì í dúró de ìlànà ìjọba. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn ní òru yóò po oògùn, bíríkìlà yóò po kọnkéré, èdè tí ó yé wọn ni wọn yóò sì fi ṣe é. Bí a kò bá kọ ọ́ dáradára fún wọn, a ó kọ ọ́ lọ́nà tí kò dára.

Àtakò kẹta ni mo gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn elétò ìlera sọ fún mi pé kò sí ọ̀rọ̀ dídára tí ó lè mú kí ìyá kan wọn ìdá kan nínú mẹ́jọ ṣíbí iyọ̀ láìṣìṣe. Òtítọ́ ni. Atúmọ̀ èdè tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí èyí fúnra rẹ̀, yóò sì padà lọ bá ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un. Ohun tí mo ṣe nígbẹ̀yìn nìyẹn. A pa ọ̀rọ̀ ife rẹ́ nínú ìwé náà. Ohun tí ó wà níbẹ̀ báyìí ni pé:

(7) Ẹ po odidi lítà kan, bí ọmọ kò tilẹ̀ ní í mu ún tán. Èyí tí ó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù, kí ẹ sì po òmíràn.

Ìmọ̀ èdè-ìperí tí kò bá lè mọ ibi tí ó yẹ kí ìdá dákẹ́ kò tí ì pé.

8. Ìkádìí

Àwọn àgbà ní bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ inú èèpo ẹ̀pà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọbẹ̀: iyọ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá omi inú rẹ̀ mu bí ti inú ìkòkò. Kí ohun kéré láìyí padà, ìyẹn ni gbogbo ọgbọ́n ìṣirò ìdá nínú àpòpọ̀. Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ gbé ìdá àmú àti ìdá àyọ wọ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ sì wo bóyá àwọn ọmọ yóò gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò dípò rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí tiwọn sàn jù.